Ìràwọ̀ Altair: Wo bí òòyì ṣe sọ ọ́ di oníkùn ńlá

Tí ẹ bá wo ìràwọ̀ Altair lálẹ́, bí ẹ̀yọ iná kékeré kan ni yóò rí. Ṣùgbọ́n kò rí roboto bíi bọ́ọ̀lù.

Nǹkan bíi ọjọ́ 25 ni àárín oòrùn wa fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan. Kò ju wákàtí 9 lọ tí Altair fi ń yí tirẹ̀. Bí aṣọ eégún ṣe máa ń fẹ̀ síta tó bá ń pòòyì, bẹ́ẹ̀ ni ikùn ìràwọ̀ náà ṣe yọ síta.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Altair jìnnà débi pé awò kan ṣoṣo kò lè fi ìrísí rẹ̀ hàn dáadáa. Lórí òkè Mount Wilson ní California, ikọ̀ John Monnier da ìmọ́lẹ̀ inú awò mẹ́rin pọ̀, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí awò ńlá kan. Àwòrán tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ìbú Altair fi ohun tó lé ní ìdá 20 nínú 100 ju òòró rẹ̀ lọ.

Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná ju ikùn rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí Hugo von Zeipel ṣe sọ lọ́dún 1924. Ṣùgbọ́n ooru ikùn náà tún kéré ju bí ìṣirò rẹ̀ ṣe wí lọ. Ìyẹn ni pé ìṣirò táwọn onímọ̀ ti gbára lé tipẹ́ nílò àtúnṣe.