Láti Olódì-Àpápá dé Ìdí-Àràbà: Bí Ọmọ Wa Ṣe Lè Kọ́ Ìmọ̀ Àrùn Jẹjẹrẹ

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ mu gidigidi, nítorí àrùn náà kì í ṣe àlejò bí ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wá, tàbí onígbáméjì tí ń bá omi àìmọ́ wọlé. Ẹran ara ènìyàn gan-an ni ó dìtẹ̀ mọ́ ara, tí ó kọ àṣẹ, tí ó sì ń pọ̀ sí i nígbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ nípa rẹ̀ fi jinlẹ̀, tí ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Òun náà ni ó mú mi fẹ́ bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Olódì-Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ń jáde ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama inú ọgbà Tolú, tí ọkàn ọmọ náà ń fà sí iṣẹ́ ìwòsàn, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé.

Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ mọ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ni ara gbogbo wa, ẹyọ abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn jíìnì tí a jogún lọ́wọ́ baba àti ìyá wà, àwọn ni wọ́n sì ń pàṣẹ ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò pín sí méjì, ìgbà tí yóò sinmi, àti ìgbà tí yóò kú. Àwọn kan ń tì í síwájú, àwọn mìíràn ń dá a dúró. Ẹni tí ó bá ti rí tírélà tí ó ru kọ̀ǹténà láti èbúté Àpápá, tí bíréèkì rẹ̀ já lórí ìdagẹ̀rẹ̀ afárá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń sáré síbẹ̀, ti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn jíìnì tí ń tì bá ya wèrè, tí àwọn tí ń dá dúró sì dákẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn adánidúró náà ni èyí tí a ń pè ní p53. Ní 1979 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí wọ́n tó mọ̀ dájú pé adánidúró ni. Sùúrù ni baba ìwà. Òun náà ni baba ìmọ̀ yìí.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yunifásítì kì í sábà rí ẹ̀ka tí a kọ orúkọ jẹjẹrẹ sí lára. Ìpìlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ́, orí ìpìlẹ̀ náà ni ìmọ̀ jẹjẹrẹ yóò sì dúró lé. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ dókítà ni ó wù ú, èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàólójì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni yóò fi ṣe ìdánwò JAMB, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọdún mẹ́fà jìn fún ẹ̀kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, tí ó ti ń kọ́ni láti 1962, wà ní Ìdí-Àràbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwòsàn LUTH, kò sì jìnnà sí Olódì bí kò bá sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀. Sáyẹ́ǹsì ni ọdún kìn-ín-ní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kọ́ ẹ̀yà ara lára òkú tí a fi oògùn tọ́jú, yóò kọ́ bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí oúnjẹ ṣe ń di agbára nínú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ó bá dé ẹ̀ka patọ́lọ́jì, níbi tí a ti ń kọ́ bí àìsàn ṣe ń ba ara jẹ́, ni òun àti jẹjẹrẹ yóò tó fojú kojú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rí i. Oníṣẹ́ abẹ yóò gé ẹran bíńtín lára kókó tí ó yọ nínú ọyàn, wọn yóò rì í sínú fọ́málínì kí ó má baà rà, wọn yóò sì yọ́ ìda yí i ká títí yóò fi le. Ẹ̀rọ abẹfẹ́lẹ́ yóò wá gé e pẹlẹbẹ, tí nínípọn rẹ̀ kò ní ju bí ìdá 4 tàbí 5 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ. Wọn yóò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọn yóò fi aró méjì pa á: ọ̀kan, tí a ń rí láti inú igi kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò sọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró, èkejì yóò sọ ìyókù di pupa rẹ́súrẹ́sú. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fojú sí máíkíróskópù. Yóò rí sẹ́ẹ̀lì tí ó dára, tí wọ́n tò létòlétò, tí wọ́n bá ara wọn dọ́gba. Yóò rí ti jẹjẹrẹ, tí àárín gbùngbùn wọn tóbi, tí ó dúdú, tí ọ̀kan kò jọ èkejì, tí wọ́n sì ti kọjá ààlà wọ inú ẹran tí kì í ṣe tiwọn. Lórí ohun tí ojú bá rí níbẹ̀ ni oníṣègùn yóò gbé ìpinnu rẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí kò bá rí àyè nínú iṣẹ́ dókítà kò pàdánù ìmọ̀ yìí rárá. Ẹni tí ó pèsè gíláàsì tí mo ṣàlàyé lókè, onímọ̀ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni. Nọ́ọ̀sì, apòògùn, onímọ̀ baokẹ́mísírì, àti ẹni tí ó kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì àti jíìnì ní ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọka, gbogbo wọn ni iṣẹ́ wà fún. Ní 2019 ni a ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ń fi ìtànṣán pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí onímọ̀ físíìsì àti àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ìtànṣán. Bí owó bá sì jẹ́ ìdènà, ẹ rántí pé láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń tipasẹ̀ NELFUND yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láìgba èlé.

Ẹnìkan lè wí pé nígbà tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe ìwádìí, kí ni tiwa níbẹ̀? Ìtàn ni yóò dá a lóhùn. Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tí ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó kan tí ń yọ ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà. Láti inú irú kókó bẹ́ẹ̀ tí a fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni Epstein, Achong àti Barr ti rí fáírọ́ọ̀sì kan ní 1964, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn. Ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, láti 1960 ni ilé-ìwòsàn UCH ti ń kọ orúkọ àti irú jẹjẹrẹ tí ń bá àwọn ará ìlú jà sínú ìwé, ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó pẹ́ jù ní Áfíríkà. Ìbàdàn yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé ti gboyè dókítà ní 1980, kí ó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Yunifásítì Chicago. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ayé mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọyàn tí ń bá obìnrin ilẹ̀ wa jà sábà máa ń mú wọn ní ọjọ́ orí tí ó kéré, ó sì máa ń jẹ́ irú èyí tí ó le. Bí kò bá sí ojú tiwa níbẹ̀, ta ni ì bá ti bìkítà láti wò ó?

Ìbéèrè tí ń retí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní Olódì pàápàá. Ní 2012, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sì wo àwọn tírélà àti táńkà epo tí ń tò lọ sí èbúté àti sí àwọn ibùdó epo ní Kirikírì. Ẹ wo mẹkáníìkì, ẹ wo ìyá olóúnjẹ tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Wíwọn èéfín tí wọ́n ń fà símú, àti títẹ̀lé ìlera wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ tí ó yẹ ọmọ tí ó dàgbà ní àdúgbò náà ni, ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ yóò fọkàn tán.

Àǹfààní ìmọ̀ yìí sì máa ń wọ inú ilé wa. Ní 1983, Harald zur Hausen ará Jámánì fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì HPV wà nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Èso iṣẹ́ náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ ní Oṣù Kẹwàá 2023, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó bá lóye ìmọ̀ jẹjẹrẹ ni yóò lè sọ fún ìyá rẹ̀ ní èdè tí ó yé e, pé kí ó má ṣe fi kókó ọyàn pamọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìbànújẹ́ pàdé ọmọ tí ó yan ẹ̀ka mìíràn yàtọ̀ sí ti dókítà. Ẹ̀yin ọmọ Olódì tí Elédùwà ti gbé dé ipò, máíkíróskópù ni kí ẹ rà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì san owó olùkọ́ kẹ́mísírì; nítorí ọmọ tí kò rí sẹ́ẹ̀lì rí títí ó fi jáde girama, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún òun?