Akánrán, Ilé Àwọn Àgbẹ̀ Tó Kọ̀yà

Bí èèyàn bá jáde ní Ìbàdàn, tó kọrí sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, yóò bá Akánrán lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń sáré kọjá lè pè é ní abúlé lásán. Kó rọra o! Ìgbà kan wà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fojú ba oorun nítorí ìlú kékeré yìí.

Ilẹ̀ kòkó ló pe èèyàn débẹ̀. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ló lọ dáko síbẹ̀. Ahéré di abà, abà di ọjà, ọjà di ìlú. Síbẹ̀, wọn ò já okùn ilé. Bí òkú bá kú, tàbí tí ọdún bá dé, agbo ilé wọn n'Íbàdàn ni wọ́n ń forí lé. Ìdí nìyẹn tí ará ìgboro fi ń pè wọ́n ní ará oko.

Ará oko yìí náà ló ń bọ́ ìjọba. Iye tí ìjọba ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn kéré sí iye tó ń tà á lókè òkun. Nígbà tó fi di 1968, tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó orí ti wọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀nà oko ò ṣeé rìn. Àwọn agbowó-orí ń ya wọ abúlé, wọ́n ń lé bàbá olóko bí ẹní lé ewúrẹ́. Làwọn àgbẹ̀ bá ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san. Ìjọba ní rárá.

Bí Àgbẹ́kọ̀yà ṣe dìde nìyẹn, Táfà Adéoyè láti Akánrán sì ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ náà la ẹ̀mí lọ, tàgbẹ̀ tọlọ́pàá. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Láoyè, ní oṣù keje 1969, nínú rògbòdìyàn owó orí kan náà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀.

Ìbọn ò parí ẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jókòó tì wọ́n, tó gbọ́ tẹnu wọn, lara tó rọ̀. Owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Lónìí, Akánrán ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Ibi tí agbowó-orí ti ń lé àgbẹ̀ wọgbó ni ìjọba ti ní ọ́fíìsì báyìí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò tíì di àtijọ́: ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kó kọ́kọ́ tún ọ̀nà oko ṣe.