Ọta Mẹ́fà Lẹ́ẹ̀kan Náà

Revolver ni ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ń gbé inú àgbá kékeré tó ń yí. Ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú àgbá náà, ọta kan ní ihò kan. Kì í sábà há, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ihò kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ tú èèpo ọta inú rẹ̀ dànù kó tó gba ọta mìíràn.

Nígbà tí Samuel Colt gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí revolver tó hùmọ̀ ní 1836, ẹ̀tù ni wọ́n ń dà sínú ihò, wọ́n á fi òjé lé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọdẹ tó bá ti ki ṣakabùlà rí mọ wàhálà ibẹ̀. Ti Colt kàn jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ni. Àwọn kan máa ń mú àgbá kejì tí wọ́n ti kì sílẹ̀ dání, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ọta onídẹ dé, síbẹ̀ ìyà kò tán: revolver Colt ti 1873 ní ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá ti èèpo jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ti ọta wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Smith & Wesson ti wá ọ̀nà mìíràn ní 1870. Tiwọn ń ṣẹ́ po láàárín, irin onírìísí ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn àgbá á sì gbé gbogbo èèpo sókè pọ̀. Ní 1889, Colt gbé èyí tí àgbá rẹ̀ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jáde, irú èyí ló sì wọ́pọ̀ títí dòní. Ẹni tó ń lò ó á kọ ẹnu ìbọn sókè, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọ̀pá iwájú àgbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó le. Bó bá rọra tì í, tàbí tí ìbọn dùbúlẹ̀, èèpo kan lè yọ́ sábẹ́ irin ìràwọ̀ yẹn, àgbá kò sì ní padé mọ́. Lẹ́yìn náà ló máa wá dojú ìbọn kọlẹ̀, kí ọta lè já wọlé fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọta àfikún ló kù. Ojú awọ lára ìgbànú ló pẹ́ jù. Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lo àpò tó ń da ọta mẹ́fà sí àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ọta tó wà lọ́wọ́ kò tíì wọ ihò. Ní 1970, wọ́n pa ọlọ́pàá ojú ọ̀nà mẹ́rin ní Newhall, California. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ki ọta lọ́wọ́ nígbà tí ikú dé. Speedloader ni iléeṣẹ́ wọn gbà lẹ́yìn náà: ike róbótó tó di ọta mẹ́fà mú bí wọ́n ṣe máa jókòó nínú ihò. Wọ́n á kì í bọ ẹnu ihò, wọ́n á yí orí rẹ̀ tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọta á sì bọ́ sínú. Ó pẹ́ tí èrò náà ti wà, torí ẹnìkan tó ń jẹ́ Prideaux ti hùmọ̀ irú rẹ̀ fún revolver Webley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1893. Speedloader kàn ń wú lápò ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó hàn á lo speed strip, ọ̀já rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń ki ọta méjì méjì. Kò yá tó o.

Moon clip ló yá jù. Ní 1917, ìbọn ìléwọ́ kò tó àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá ṣe revolver tó ń lo ọta M1911, ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ìdí ọta yẹn kò ní etí tí irin ìràwọ̀ lè fà, wọ́n bá fi awo irin tín-ín-rín so ó ní mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó di mẹ́fà lórí awo kan, tó ń wọlé pọ̀, tí èèpo rẹ̀ sì ń jáde pọ̀. Òun ni ayìnbọn Jerry Miculek lò ní 1999 tó fi yin ọta mẹ́fà, tó tún ìbọn kì, tó sì yin mẹ́fà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.99. Ṣùgbọ́n bí awo náà bá tẹ̀ díẹ̀, bóyá kọ́kọ́rọ́ ló wà pẹ̀lú rẹ̀ lápò, àgbá kò ní yí geerege mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń lò ó fi ń fi í há ìgbànú, tí wọ́n sì ń yí àgbá wò kí wọ́n tó jáde.