Ìyá àgbà tó fi ọdún 36 wá ọmọ-ọmọ rẹ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978, ìjọba ológun Argentina ránṣẹ́ sí Estela de Carlotto àti ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gba òkú Laura, ọmọ wọn ẹni ọdún 23. Oṣù Kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni àwọn ológun ti jí i gbé tòun ti oyún. Òkú délé, ọmọ inú rẹ̀ kò dé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Méjèèjì ló já lu Estela lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gba kámú" la máa ń sọ fún ọlọ́fọ̀. Estela, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò gba kámú. Ọdún yẹn náà ló wọ ẹgbẹ́ Abuelas de Plaza de Mayo, àwọn ìyá àgbà tó ti ń wá ọmọ-ọmọ wọn láti 1977. Nítorí ojú àwọn ológun, ilé kọfí ni wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká bí ẹni ń ṣọjọ́ ìbí, wọ́n á sì máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ohun tí kálukú gbọ́.

Tẹ́lẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọlọ́fọ̀ tí kò wó lulẹ̀ ń díbọ́n ni. Ní 2002, George Bonanno ti Yunifásítì Columbia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àgbàlagbà 205 ní Amẹ́ríkà, obìnrin ló pọ̀ jù, láti ìgbà tí ọkọ tàbí aya wọn wà láàyè títí di oṣù 18 lẹ́yìn ikú. Nǹkan bí 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìbànújẹ́ kò gbé ṣánlẹ̀. Àárò sọ wọ́n, síbẹ̀ wọn kò yẹ̀ lójú ọ̀nà ayé wọn. Ti ọkọ àti aya nìyẹn o; ikú ọmọ tún korò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1985, wọ́n hú òkú Laura. Clyde Snow, onímọ̀ nípa egungun, yẹ egungun ìbàdí rẹ̀ wò: ó ti bímọ kó tó kú. Estela wá mọ̀ dájú pé òun ní ọmọ-ọmọ.

Ṣùgbọ́n bí bàbá àti ìyá bá ti kú, ẹ̀jẹ̀ ta ni wọn ó fi dá ọmọ mọ̀? Mary-Claire King, onímọ̀ àbùdá láti Amẹ́ríkà, ló bá wọn wá ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ òbí àgbà fi lè jẹ́rìí. Àbùdá kan wà tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi í fún ọmọ, bí òun náà ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ní 1987, òfin dá ilé ìpamọ́ àbùdá sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà lè dúró de ọmọ, bí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ sí mọ́.

Ní oṣù Kẹjọ 2014, ẹ̀jẹ̀ olórin kan láti Olavarría bá ti ìdílé Carlotto mu. Òun ni ọmọ-ọmọ 114 tí ẹgbẹ́ náà rí. Ó ti pé ẹni ọdún 36. Ìyá àgbà rẹ̀ ti di ẹni ọdún 83.

Estela padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù Keje 2025, lẹ́ni ọdún 94, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde ọmọ-ọmọ 140.