Bakitéríà Tí Ń Pa Tanwíjí

Bti, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Bacillus thuringiensis israelensis, ni bakitéríà inú ilẹ̀ tí ń pa tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tí ń jùrù nínú omi kó tó hu ìyẹ́. Ọdún 1976 ni àwọn onímọ̀ rí i ní aṣálẹ̀ Négéfù, lórílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan tí òkú tanwíjí kún ojú rẹ̀.

Àfi kí tanwíjí jẹ ẹ́ kó tó pa á. Bí bakitéríà yìí bá ń di hóró, ó máa ń ṣe èròjà prótéènì tó gan bí iyọ̀. Tanwíjí a gbé e mì mọ́ ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú omi. Omi ìfun rẹ̀, tí kò kan rárá, ni yóò tú prótéènì náà, tí yóò sì sọ ọ́ di oró tí ń lu ìfun jálẹ̀. Kó tó tó wákàtí 24, ọ̀pọ̀ wọn á ti kú. Omi ikùn ènìyàn kíkan ni, ìfun ènìyàn kò sì ní ibi tí oró náà lè lẹ̀ mọ́. Kì í pa ẹja, ẹran ọ̀sìn tàbí oyin lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan fún omi mímu. Irú èyí nìkan ló yẹ kó wọ inú ìkòkò omi.

Nítorí pé jíjẹ ni, àkókò ṣe kókó. Tanwíjí tó ti kákò, tó ń múra àtidi ẹ̀fọn, kì í jẹun mọ́. Oògùn kò ràn án. Ẹyin sì lè di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nílẹ̀ olóoru, bẹ́ẹ̀ ni Bti kì í pẹ́ nínú omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àyàfi èyí tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ojú omi ni tanwíjí Anopheles, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri, ti ń jẹun, nítorí náà èyí tó bá tètè rì kò wúlò fún un.

Nínú gọ́tà àti ṣalángá, ìdọ̀tí tí tanwíjí ń jẹ pọ̀ débi pé oògùn tó ń kàn án kì í tó. Lysinibacillus sphaericus, bakitéríà mìíràn tí ń pa tanwíjí, ló dára jù níbẹ̀, torí ó ń pẹ́ nínú omi ẹlẹ́gbin. Àmọ́ tanwíjí ti borí rẹ̀ níbòmíràn. Oró Bti tó jẹ́ oríṣiríṣi kò rọrùn láti borí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ojú omi bá ti mọ níwọ̀n, tí kì í ṣí kiri, tó sì rọrùn láti rí, ni Bti ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ti agolo àti táyà àlòkù, kí a da omi wọn nù yá ju kí a wá oògùn sí i lọ. Bti kò sì gba ipò nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nítorí kò rí ẹ̀fọn tó ti ń fò ṣe.