Àṣídé Ọ́ìlì Lábẹ́ Ọkọ̀ Akẹ́rù: Àǹfààní Rẹ̀, Àléébù Rẹ̀ àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí ni láti ṣàlàyé irin kan tí àwọn onímọ́tò fi ń rọ́pò nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, kí á sì wá orúkọ tí ó bá a mu ní èdè Yorùbá. A kò lè sọ ohun kan lórúkọ dáadáa bí a kò bá mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni yóò ṣáájú, ti orúkọ yóò sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ akẹ́rù kì í wọ́n lójú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo gba Ìlobùú àti Ìfọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìlobùú ni a ti bá bàbá àgbàlagbà kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀, tí í ṣe ọmọ Ìfọ́n, dúró tì wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ náà ti fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tí ó wà nísàlẹ̀ sọ́ọ̀mpù. Bí nọ́ọ̀tì náà ti jáde ni ọ́ìlì gbígbóná ya lé e lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́; nọ́ọ̀tì bọ́ sínú abọ́, abọ́ kún, ọ́ìlì sì ń ṣàn lọ sórí ilẹ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dá a dúró.

Awakọ̀ náà ní, "Bàbá, wọ́n ní irin kan wà tí wọ́n ń dè síbẹ̀ báyìí, pé ẹ ó kàn yí i ni. Ṣé ẹ lè bá mi fi í sí i?"

Bàbá náà dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀ pé, "Mo ti rí i rí, ọmọ mi. Bí òkúta bá wá gbá a dànù lọ́nà oko ńkọ́?"

Kí á tó dá sí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ó yẹ kí á yanjú ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá pe ohun tí ó wà nínú sọ́ọ̀mpù ní "epo", òǹkàwé lè rò pé epo bẹntiróòlù ni, tàbí epo pupa pàápàá. Àwọn awakọ̀ ti pín in fún wa: epo àti dísù ni ọkọ̀ ń jó, ọ́ìlì ni ó ń mú kí irin má fi ara ha irin. Ọ́ìlì náà ni a ó máa lò. Ní ti nọ́ọ̀tì tí ó dí ìdí sọ́ọ̀mpù, Yorùbá ti ní èdídí fún ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò àti agbè. Èdídí ọ́ìlì ni a ó pè é.

Irin tuntun náà kì í ṣe èdídí. Ibi tí èdídí wà ni a ń dè é sí, ṣùgbọ́n a kì í tú u mọ́. Irú tí ó wọ́pọ̀ jù, bí èyí tí ilé-iṣẹ́ Fumoto ti ilẹ̀ Japan ń ṣe, ní ìlẹ̀kẹ̀ irin kan nínú, tí a lu ihò gba àárín rẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí a ti ń lu iyùn. Ọwọ́ kékeré kan so mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yìí láti òde. Bí ihò ìlẹ̀kẹ̀ bá kọjú sí ọ̀nà ọ́ìlì, ọ́ìlì a gba inú rẹ̀ ṣàn. Bí a bá yí ọwọ́ náà ní ìdámẹ́rin òbìrí, ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní ihò ni yóò kọjú sí ọ́ìlì, ọ̀nà yóò sì dí. Kí ọwọ́ náà má baà ṣèèṣì yí, sípíríǹgì kan ń tì í sínú ihò tí ó há sí. Àfi kí a gbé e kúrò níbẹ̀ kí á tó lè yí i. Irú mìíràn wà, bíi ti Stahlbus ti ilẹ̀ Jámánì, tí kò ní ọwọ́ rárá: sípíríǹgì ni ó ń sé e, ìgbà tí a bá sì de ẹnu rọ́bà mọ́ ọn ni ó tó ń ṣí.

Àwọn tí ń tà á máa ń yìn ín pé ó yá. Lójú tiwa, yíyá kọ́ ni iyì rẹ̀. Ihò rẹ̀ kéré sí ihò èdídí, nítorí náà ọ́ìlì a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tán, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá tutù tí ọ́ìlì sì ki. Iyì rẹ̀ ni pé a lè dá ọ́ìlì dúró. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lè gba ọ́ìlì tí ó tó lítà 30 sí 40, kẹ́ẹ̀gì tí ó sì wà lọ́wọ́ wa kì í sábà ju ti lítà 25 lọ. Ẹni tí ó tú èdídí kò lè sọ fún ọ́ìlì pé kí ó dúró kí òun pààrọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí ó ní irin yìí yóò ki rọ́bà bọ ẹnu rẹ̀, yóò ti rọ́bà náà bọ kẹ́ẹ̀gì. Bí èkíní bá kún, yóò sé e, yóò sì gbé èkejì wá.

Àǹfààní kejì wà fún ojú èdídí fúnra rẹ̀. Bí a bá ń tú nọ́ọ̀tì tí a ń dè é léraléra, sípánà yóò jẹ orí rẹ̀, ẹyín tí a fi ń dè é nínú sọ́ọ̀mpù yóò sì yó, pàápàá bí sọ́ọ̀mpù bá jẹ́ alumíníọ̀mù tí ọmọ iṣẹ́ sì lágbára ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ẹyín bá ti yó, ọ́ìlì yóò máa kán. Kíkán díẹ̀díẹ̀ yìí ni ó sì máa ń sin ẹ́ńjìnnì dé ibi tí yóò ti nọ́ọ̀kì.

Síbẹ̀, bàbá ará Ìlobùú kò jiyàn lásán. Irin náà yọ sísàlẹ̀ ju èdídí lọ. Lójú ọ̀dà tí ó tẹ́jú, kò séwu. Ṣùgbọ́n tíípà tí ń lọ kó yanrìn létí odò, tàbí ọkọ̀ tí ń wọ oko lọ kó iṣu, ń gun kùkùté, ó sì ń kọjá lórí òkúta. Bí ọ̀kan bá gbá a, gbogbo ọ́ìlì lè dà tán kí awakọ̀ tó fura. Kí ẹni tí yóò dè é kọ́kọ́ wo bóyá ó rẹlẹ̀ ju irin ìdábùú iwájú lọ. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù ú, kí ó jẹ́ kí wẹ́dà jó irin ààbò sí i, tàbí kí ó fi èdídí sílẹ̀ níbẹ̀.

Àléébù mìíràn wà tí àwọn tí ń tà á kì í mẹ́nu bà. Orí irin náà ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀mpù lọ nínú lọ́hùn-ún, nítorí náà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ́ìlì àtijọ́ máa ń ṣẹ́ kù. Bákan náà, èdídí ọkọ̀ mìíràn ní òòfà lórí, tí ń fa ìyẹ̀fun irin mọ́ra. Mẹkáníìkì tí ó bá nu òòfà náà tí ó sì wò ó yóò mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ ara rẹ̀ tó. Ẹni tí kò tú èdídí mọ́ ti pàdánù ẹ̀rí yìí. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a máa tú irin tuntun náà pàápàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí a lè fọ ibẹ̀. Ìbẹ̀rù olè tàbí ọ̀tá tí yóò wá ṣí i lóru kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà wá: ìdè kékeré wà tí a lè fi de ọwọ́ rẹ̀ pa. Èyí tí ó burú jù ni kí ènìyàn ra ẹ̀rọ omi ti àwọn pọ́lọ́ḿbà kí ó sì dè é síbẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa gbóná ju omi híhó lọ, rọ́bà inú ẹ̀rọ omi bẹ́ẹ̀ kò sì ní í gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ́ìlì tí ó ṣàn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Odò Ẹ̀rìnlẹ̀ tí àwọn ará Ìlobùú ń bọ ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì sé e ní dámù lẹ́bàá Ẹdẹ fún omi mímu. Kànga ni ọ̀pọ̀ ilé sì ń pọn. Àjọ EPA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí a pààrọ̀ nínú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan péré lè ba omi tí ó tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́. Òjé àti oríṣìíríṣìí májèlé mìíràn wà nínú ọ́ìlì tí a ti lò. Ààlà ilẹ̀ ti dá aáwọ̀ tí ó gba ẹ̀mí sílẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá kò bèèrè ààlà lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn. Ọ́ìlì tí ó bá wọ kẹ́ẹ̀gì ní olùrà: káfíńtà fi ń kun igi àjà nítorí ikán, àwọn mọlémọlé sì fi ń pa pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é, owó sì ni. Nítorí èyí nìkan, àwa gbè sẹ́yìn awakọ̀.

Ó wá ku orúkọ. Àwọn kan ti dábàá "ẹ̀rọ ọ́ìlì" nítorí ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dàrú. "Ìdà-ọ́ìlì-kíá" tẹ̀ lé ìpolówó ọjà, a sì ti sọ pé kì í ṣe yíyá ni ó mú un wúlò. Nígbà tí Yorùbá pe ọkọ̀ kan ní bọ́lẹ̀kájà, tí wọ́n sì pe òmíràn ní agbégilódò, ohun tí ojú wọ́n rí lára ọkọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí ojú rí lára irin yìí ni pé à ń ṣí i, à ń dé e, a kì í sì í yọ ọ́. Àṣídé ọ́ìlì ni a dábàá.

Ìbéèrè kan kù tí a fẹ́ kí àwọn onímọ̀ èdè-ìperí bá wa rò. Fáàfù ni Òyìnbó ń pe èyí, fáàfù ni wọ́n ń pe ti táyà, fáàfù náà ni ti inú ọkàn ènìyàn. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí kò ní ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni ń yí: afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ti ara wọn kọjá, tí ọ̀nà sì ń dí lẹ́yìn wọn. Àṣídé kò bá wọn mu. A rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá nílò níbi tí Òyìnbó ti ń lo ẹyọ kan, a kò sì rí ìdí tí a ó fi fi ìyẹn ṣe àbùkù.