Bàbá Kútì, Olùkọ́ Orin Tó Jókòó Sórí Àga Adájọ́

Ọmọ tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin tí mò ń kọ́ ní Ìgbógìlà nílẹ̀ Yewa, ìtàn Alùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún un. Gbogbo wọn ló mọ Fẹlá olórin. Bàbá tó bí bàbá Fẹlá ni wọn ò mọ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Bàbá Kútì sí lọ́dún 1855. Wọ́n ṣe tíṣà ní ilé ìwé St. Peter's, Aké, kí wọ́n tó bọ́ sí Èkó lọ́dún 1879 láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní CMS Girls' School. Láyé ìgbà náà, orin ìsìn òyìnbó tí a túmọ̀ sí Yorùbá ni ìjọ ń kọ, ohùn òyìnbó ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Wàhálà ńlá nìyẹn. Bí ohùn orin bá ń lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gòkè, “ọ̀run” tí akọrin ń pè á di “ọrùn” létí ẹni tó ń gbọ́. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí. Bàbá Kútì wá gbé ọ̀rọ̀ Kristi lé ohùn ilẹ̀ wa. Bí wọ́n bá lọ wàásù, orin ni wọ́n fi ń pe èrò jọ.

Wọ́n di alùfáà lọ́dún 1897. Láti 1902 sí 1906, wọ́n ṣe adájọ́ àgbègbè. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ló wà lórí oyè nígbà náà, Ẹ̀gbá sì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu fífetí sí ohùn ọmọlákejì tọ́ sí àga ìdájọ́ ju ọ̀pọ̀ tó ń náwó du ipò lónìí lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ adájọ́, iṣẹ́ ìjọ ni Bàbá Kútì padà sí. Nígbà tí wọ́n dé ìlú òyìnbó, ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin wọn tó lé ní ogójì sínú àwo. Wọ́n kú lọ́dún 1930. Ọmọ-ọmọ wọn, Olikoye, ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992.

Ẹ̀yin ará Yewa, bí àgbàlagbà kan nílé yín bá ṣì mọ orin Bàbá Kútì lórí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó kọ ọ́, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ.